Àpótí bátìrì méjì nínú ọkọ̀ kan: ṣé kí n so wọ́n pọ̀?

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ ni mo wà, nítòsí ọjà Ouando. Mo yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú Peugeot 205 bàbá mi, mo fi ẹ́ńjìnnì iná rọ́pò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì LFP 32 (irú bátìrì lítíọ̀mù kan), ámpíà-wákàtí 100, ni mo tò ní síríìsì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ọkọ̀ ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá lọ tí mo bọ̀, bátìrì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí n tó wọlé. Mo wá ra mọ́dúùlù bátìrì 14 tí wọ́n tú lára Nissan Leaf àtijọ́, ọkọ̀ oníná. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní fóltì kan náà ni pẹ̀lú tèmi. Nígbà tí mo fẹ́ so àpótí méjèèjì ní párálẹ́lì, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, mo fi mítà wọ̀n wọ́n: tèmi wà ní 106, ti Leaf wà ní 112. Mo ní fóltì 6 kò tó nǹkan. Bí mo ṣe fi ẹnu wáyà kan orí bátìrì báyìí, iná ta pàù, ó sì jẹ ẹnu wáyà náà. Oníṣẹ́ sólà kan ní àfi kí wáyà méjèèjì gùn bákan náà. Ẹlòmíràn ní kí n fi dáyóòdù sí i. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?”

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ẹni tó bá yọ ẹ́ńjìnnì epo, tó sì mú kí ọkọ̀ rìn dé Kútọnu, kì í ṣe ẹni tí à ń kọ́ ní A B D, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ohun tí o bi mí ni bí wọ́n ṣe ń so àpótí méjì pọ̀ tí iná kò fi ní ta. Ìyẹn kò le, màá sọ ọ́. Ohun tí o kò bi mí ló gba àròjinlẹ̀: ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí àpótí méjì wọ̀nyí wà lórí okùn kan náà? Lójú tèmi, kò yẹ. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ kò mọ iṣẹ́. Irú ọ̀tọ̀ ni àwọn bátìrì náà, jíjọra tí wọ́n jọra lójú mítà ló ń tan ènìyàn.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná tó ta. Fóltì nìkan kọ́ ló ń sọ iye iná tó máa ṣàn, ìdènà tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ń bá a sọ ọ́. Nínú àpótí lítíọ̀mù, ìdènà yìí kéré gan-an. Ká ní ti LFP rẹ jẹ́ milíóòmù 30 (óòmù ni a fi ń wọn ìdènà, milíóòmù jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 rẹ̀) láti orí dé ìdí, pẹ̀lú gbogbo bàbà tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn, kí ti Leaf tó ti gbó jẹ́ 60. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 90. Pín fóltì 6 sí 0.09, wàá rí ámpíà bíi 67. Iye tí àpótí kan ń dà sínú èkejì nìyẹn, láìsí ṣájà, láìsí ohunkóhun tó ń darí rẹ̀. Ojú ibi tí ẹnu wáyà ti kọ́kọ́ kan irin kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, gbogbo ámpíà yẹn sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bàbà gbọ́dọ̀ yọ́. Ká ní àlàfo náà jẹ́ fóltì 12 ni, ìlọ́po méjì ni ohun tí o rí. Ìtàpàù náà sì kọ́ ló burú jù. Bí o bá di wáyà náà mọ́ ọn, tí o fún bóòtù rẹ̀ le, ariwo á dákẹ́, wàá rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n iná á ṣì máa ṣàn láti inú ọ̀kan sínú èkejì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìwọ kò sì ní rí nǹkan kan.

Ẹni tó ta mọ́dúùlù fún ọ kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán. Sẹ́ẹ̀lì LFP, ìyẹn lítíọ̀mù tó ní irin àti fọ́sífétì nínú, fóltì tí a fi ń pè é jẹ́ 3.2, ó ń kún ní 3.65. Tí o bá to 32, ó di 102.4, ó sì ń kún ní 116.8. Ti Leaf àtijọ́, máńgánísì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Mọ́dúùlù kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, méjì méjì ní párálẹ́lì, tí wọ́n wá to ìdì méjèèjì ní síríìsì. Mọ́dúùlù 14 jẹ́ ìpele 28 nìyẹn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì ń kún ní 4.2, àpapọ̀ 117.6. Àárín 116.8 àti 117.6, ta ni kò ní sọ pé ìbejì ni wọ́n? Ṣájà kan ṣoṣo tiẹ̀ lè gba àwọn méjèèjì, ohun tó sì ń mú kí àwọn ènìyàn so wọ́n pọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ṣájà bá ti kúrò lórí LFP, fóltì rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 107, á sì jókòó síbẹ̀. O lè lo ju ìdajì rẹ̀ lọ kó tó kúrò ní 105, àti nígbà tó bá ku ìdá kan nínú márùn-ún, ó ṣì lè máa fi 103 hàn ọ́. Nítorí náà, 106 tí o kà yẹn kò sọ bóyá ó kún tàbí kò kún. Ti Leaf kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o ṣe ń lò ó ni fóltì rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. 112 túmọ̀ sí 4.0 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ó ṣì kún dáadáa.

Fi wọ́n sínú ọkọ̀ kan náà, kí o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ tí àwọn méjèèjì kún. O jáde nílé, Leaf wà ní bíi 115, LFP wà ní 107. Àlàfo fóltì 8 ló wà láàárín wọn. Kí Leaf tó lè rẹlẹ̀ dé 107, kí LFP sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ máa tú ámpíà tó lé ní 130 jáde: fóltì 8 pín sí 0.06 ni mo ṣe. Bátìrì tó gbó, tó ti lo ayé rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ni o ń dá gbé gbogbo ẹrù òwúrọ̀ lé lórí, tí tuntun jókòó tó ń wòran. Nígbà tí Leaf bá wálẹ̀ dé àárín, wọ́n á jọ máa ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà LFP á dúró sórí 103 rẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù nínú Leaf kò sì ní rí ọ̀nà jáde títí LFP fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Kò tíì sí èyí tó jóná nínú èyí, ìlòkulò ni. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti òru. O gba iná sí méjèèjì dé 116.8, ṣájà kú fúnra rẹ̀, o lọ sùn. LFP fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí 107 kó sinmi, ṣùgbọ́n Leaf tó wà ní 115 kò jẹ́. Á dì í mú sókè ní nǹkan bíi 3.6 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi mọ́, bẹ́ẹ̀ LFP tó ti kún kò yẹ kó pẹ́ lókè bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú 32 bá sì ti kún ju àwọn tó kù lọ, òun ni fóltì náà á rọ́ lé lórí. Ṣájà ti sùn, Leaf kò sùn.

Ní ti oníṣẹ́ sólà tó sọ̀rọ̀ gígùn wáyà, n kò bá a jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Lórí bátìrì fóltì 12 tàbí 24 tí wọ́n ń tò sílé, ìdènà bátìrì náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mítà wáyà kan fi lè mú kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ, ó sì yẹ kí wọ́n gùn bákan náà. Ṣùgbọ́n wáyà bàbà tó nípọn tó mílímítà onígun mẹ́rin 50 ní ojú-gígé, ìdènà rẹ̀ kò ju milíóòmù 0.4 lọ fún mítà kan. Fi wé 30 àti 60 tí a ti ń sọ bọ̀. Kódà bí wáyà kan bá fi mítà méjì gùn ju èkejì lọ nínú ọkọ̀ rẹ, ìyẹn kò ní yí nǹkan kan padà tó hàn sójú. Ohun tó ń ba ìpín jẹ́ nínú ọkọ̀ ni ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì, ooru, àti bóòtù tí kò le. Bóòtù kan ṣoṣo tí kò fún dáadáa lè ní milíóòmù 5. Bí ámpíà 100 bá gba ibẹ̀ kọjá, wáàtì 50 ló ń di ooru lórí sẹ́ẹ̀lì yẹn, ó tó láti yọ ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti tú àpótí tí ènìyàn fi rúlà wọn gbogbo wáyà rẹ̀, tí mo sì fi ìka yí bóòtù méjì nínú rẹ̀.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ dáyóòdù ti rí ibi tí bàtà ti ń ta ọ́ lẹ́sẹ̀ jù èkejì lọ. Dáyóòdù kì í jẹ́ kí iná gba ju ìhà kan lọ, nítorí náà ọ̀kan lójú ọ̀nà àpótí kọ̀ọ̀kan kò ní jẹ́ kí Leaf tú iná sínú LFP, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ka ohun tó máa ná ọ. Dáyóòdù ńlá ń jẹ bíi fóltì 1. Ní ámpíà 150, wáàtì 150 nìyẹn tó ń di ooru, tí o gbọ́dọ̀ wá irin pẹlẹbẹ àti fáànù fún. Iná tí ẹ́ńjìnnì ń dá padà nígbà tí o bá ń dẹ ẹsẹ̀ tàbí tẹ bíréèkì kò ní rí ọ̀nà wọlé, ó sì lè ti fóltì kọ́ńtírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná tó ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì, sókè títí á fi kú tàbí kó bàjẹ́, nítorí náà o gbọ́dọ̀ pa ìyẹn kúrò nínú ètò rẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan á nílò ṣájà tirẹ̀. Leaf á ṣì jẹ́ ẹni tó ń kọ́kọ́ gbé gbogbo ẹrù. Dáyóòdù ńlá tó bá sì bàjẹ́ sábà máa ń bàjẹ́ síbi tí iná á máa gba ìhà méjèèjì kọjá, láìsí àmì. Ọjọ́ yẹn, o ti padà sí ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ kò sì mọ̀.

Ká tiẹ̀ ní irú kan náà ni àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ ìpín ẹrù ṣì wà. Àpótí méjì lórí okùn kan dà bí ènìyàn méjì tó jọ ń wa ọkọ̀ ojú omi kan lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́: olúkúlùkù ń wà á bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, bí ọ̀kan bá sì ju àjẹ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ bọ́ sọ́rùn èkejì. Bí ìdènà ọ̀kan bá jẹ́ 30 tí ti èkejì jẹ́ 60, tí kọ́ńtírólà rẹ sì ń fa ámpíà 300 nígbà tí o fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, 200 á ti inú ọ̀kan wá, 100 á ti inú èkejì. Sẹ́ẹ̀lì ámpíà-wákàtí 100 tó ń tú 200, ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn kò ṣe fún ju ìlọ́po kan lọ fún ìgbà pípẹ́. Nísinsìnyí, BMS, ìyẹn pátákó ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú àpótí kan, rí i pé sẹ́ẹ̀lì kan ti rẹlẹ̀ jù, ó gé e kúrò. Kò burú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ámpíà 300 kò lọ síbì kankan, orí èkejì ló bọ́ sí, fíúsì rẹ̀ sì lè jó nígbà tí o wà láàárín ọ̀nà. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í rò ni pé BMS yẹn á tún tan ara rẹ̀ padà nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá sinmi. Á tan án láìbéèrè bóyá fóltì àpótí méjèèjì ṣì dọ́gba. Ìtàpàù tí o rí lọ́wọ́ rẹ, inú BMS ló máa ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èyí ló fi jẹ́ pé ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀ àti kọ́ńtákítọ̀ tirẹ̀, ìyẹn síwíìṣì ńlá tí iná kékeré ń tàn tó sì ń pa, kí wọ́n tó pàdé. Fíúsì kan ṣoṣo lẹ́yìn ibi ìpàdé kò tó. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ṣọ́ọ̀tì nínú àpótí kìn-ín-ní, àpótí kejì ló máa tú iná sínú rẹ̀, iná yẹn kò sì ní gba ọ̀dọ̀ fíúsì tó wà níwájú kọjá rárá. Fi fíúsì sún mọ́ orí bátìrì bí o bá ṣe lè sún un mọ́ ọn tó. Jọ̀ọ́, kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ DC sí lára, ìyẹn iná bíi ti bátìrì tó ń ṣàn sí ìhà kan ṣoṣo, pẹ̀lú fóltì tó ju 117 lọ. Èyí tí wọ́n ń tà fún rédíò ọkọ̀ kò ju fóltì 32 lọ. Síwíìṣì pátákó iná ilé náà kò dára fún èyí: iná tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ SBEE, ilé iṣẹ́ iná ilẹ̀ Benin, ń lọ sí òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni síwíìṣì ti ń rí àyè pa iná tó ń fò láàárín ẹnu rẹ̀. Iná bátìrì kì í lọ sí òdo. Á máa fò, á máa jó, títí síwíìṣì náà á fi di èédú. Kọ́ńtákítọ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ ti DC, kí ó sì ní rẹsítọ̀ tó ń kọ́kọ́ kún kapásítọ̀ inú kọ́ńtírólà kí ẹnu ńlá tó pàdé.

Kí wá ni kí o ṣe? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ò ń wá. Àpótí LFP rẹ jẹ́ bíi kílówáàtì-wákàtí 10. Bí o bá lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, ó ku 8 àti díẹ̀. Ọkọ̀ kékeré bíi 205 lè jẹ wáàtì-wákàtí 140 fún kìlómítà kan, o lè rìn tó kìlómítà 58 nìyẹn. Àjàṣẹ́ sí Kútọnu jẹ́ bíi 30, àlọ àti àbọ̀ 60. Abájọ tó fi ń kú sẹ́nu ọ̀nà ilé. Mọ́dúùlù Leaf rẹ, nígbà tó ṣì tuntun, ó jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 7 gbogbo rẹ̀. Leaf yẹn kò ní omi tó ń tu bátìrì lójú, ooru sì ń tètè gbọ́n agbára wọn. Bí ó bá ku ìdá 65 nínú 100, bíi 4.5 lo rà, èyí tí o lè lò láìpa á lára kò pọ̀ ju kìlómítà 25 lọ, o sì ń gbé ìwúwo tó lé ní kílò 50 kún ọkọ̀. Mo sọ èyí kí o lè mọ ohun tí ò ń jà fún.

Ọ̀nà tó wọ́n kéré jù, tí o kò dárúkọ, ni kí o gba iná sí ọkọ̀ ní Kútọnu. Bí ọ̀gá rẹ bá lè fún ọ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ṣe é gbára lé, ṣájà kílówáàtì 1.5 fún wákàtí márùn-ún á dá ju ohun tí o lò nígbà tí ò ń lọ padà. Bá a sọ̀rọ̀ owó iná ná, kó má di ìjà lẹ́yìn. Èmi ìbá kọ́kọ́ gbìyànjú èyí kí n tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ó ní àbùkù tirẹ̀: ọjọ́ tí iná bá lọ ní Kútọnu, ọ̀rọ̀ di ti àná.

Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, tí o kò sì fẹ́ kí owó mọ́dúùlù ṣòfò, lò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jáde nílé pẹ̀lú Leaf, nígbà tó bá rẹlẹ̀ dé ibi tí o ti pinnu, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pa á, kí o tó tan LFP. Lo kọ́ńtákítọ̀ méjì tí a so wáyà wọn débi pé ọ̀kan kò lè tàn bí èkejì bá ṣì wà lórí iná. Má gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí ara rẹ fún èyí, nítorí ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ tí àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ, o máa gbàgbé. Dín ámpíà kọ́ńtírólà kù sí bíi 150 nígbà tí Leaf bá ń ṣiṣẹ́, kí àpótí kọ̀ọ̀kan ní ṣájà àti BMS tirẹ̀. Ó dùn díẹ̀ ó korò díẹ̀, ṣùgbọ́n kò léwu, àwọn méjèèjì kò sì ní bára wọn pàdé láé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, bí apá rẹ bá ká a, ni kí o ta mọ́dúùlù náà, kí o ra LFP 32 sí i, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ibẹ̀ ni párálẹ́lì ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé àpótí kan á wà níwájú, èkejì lẹ́yìn, wọ́n á so ìlà méjèèjì pọ̀. Ó ṣeé ṣe, BMS méjì àti gbogbo wàhálà tí mo ti kà sílẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e. Mo ní ọ̀nà tó rọrùn jù. So sẹ́ẹ̀lì méjì méjì pọ̀ ní párálẹ́lì, kí wọ́n di ìdì 32. To ìdì 16 síwájú, 16 sẹ́yìn, kí o fi wáyà ńlá kan so iwájú mọ́ ẹ̀yìn ní síríìsì. Ó ti di ìlà kan ṣoṣo: BMS kan, kọ́ńtákítọ̀ kan, fíúsì kan lórí, fíúsì kan sí i lórí wáyà tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Sẹ́ẹ̀lì méjì tó wà nínú ìdì kan kò lè ní fóltì tó yàtọ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ṣe ń tò ó nìyẹn. Nínú Tesla Model S oníkílówáàtì-wákàtí 85, sẹ́ẹ̀lì 74 ló wà ní párálẹ́lì ní ìpele kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ 7,104, wọ́n sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan so sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kó lè jó bíi fíúsì bí èyíkéyìí bá ṣọ́ọ̀tì. Ìwọ kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀ nínú ìdì méjì méjì tìrẹ, ewu kan tó kù nìyẹn: bí ọ̀kan bá ṣọ́ọ̀tì nínú, ẹnìkejì rẹ̀ á tú gbogbo ohun tó ní sínú rẹ̀. LFP fara da èyí ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò lè gbóná, kó sì tú èéfín jáde. Fi ohun tí iná kì í jó pín ìdì kọ̀ọ̀kan, má sì gba iná sí ọkọ̀ náà nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí.

Ti àtijọ́ á ti rẹ̀ díẹ̀ sí tuntun. Má so wọ́n pọ̀ bí ọwọ́ bá ṣe bà wọ́n. Wọn agbára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí o so èyí tó rẹ̀ jù nínú ti àtijọ́ mọ́ èyí tó lágbára jù nínú tuntun, kí àròpọ̀ ìdì kọ̀ọ̀kan lè súnmọ́ ara wọn, nítorí ìdì tó kéré jù ló máa sọ ibi tí ọkọ̀ máa dúró. Kí o tó so wọ́n, gba iná sí gbogbo wọn kún ní síríìsì lábẹ́ BMS, lẹ́yìn náà so gbogbo wọn ní párálẹ́lì sórí ẹ̀rọ tó ń fúnni ní fóltì 3.65, kí o tò ó sí 3.65 kí ẹnu rẹ̀ tó kan sẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń pẹ́. Àwọn tí sùúrù wọn tán, tí wọ́n yí fóltì náà sókè kó lè yá, ni sẹ́ẹ̀lì wọn ń wú bí àkàrà.

Ní ti ìtàpàù tí o béèrè gan-an, bí o bá ní láti so àpótí méjì irú kan náà pọ̀ lọ́jọ́ iwájú, gba iná sí àwọn méjèèjì kún, jẹ́ kí wọ́n sinmi, kí o wá fi gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, fóltì 12, wáàtì 55, sáàárín pọ́sítíìfù méjèèjì nígbà tí nẹ́gétíìfù ti pàdé. Bí àlàfo bá jẹ́ fóltì 6, ámpíà bíi 3 ló máa gbà kọjá dípò 67, gílóòbù á sì máa tàn fún ọ bí àmì. Bí àlàfo bá lé ní 12, fi gílóòbù méjì sí síríìsì. Nígbà tó bá ti kú pátápátá, tí mítà sì ń sọ fún ọ pé àlàfo kò tó ìdámẹ́wàá fóltì, so wáyà ńlá. Gílóòbù kò ní tún irú tó yàtọ̀ ṣe o. Á kàn jẹ́ kí LFP àti Leaf pàdé láìpariwo, wọ́n á sì tún máa jà lẹ́yìn náà.

Àwọn milíóòmù 30 àti 60 tí mo ń lò, àpẹẹrẹ ni. Láti Kétu níhìn-ín, ojú mi kò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó wà ní Àjàṣẹ́. Wọ̀n ọ́n fúnra rẹ. Irin ìgbomi oníná mẹ́rin, wáàtì 2000 kọ̀ọ̀kan, nínú báàfù omi, lórí àpótí fóltì 106, á fa ámpíà bíi 17. Ka fóltì kí o tó tan án àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, pín ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ámpíà, ìdènà rẹ nìyẹn. Kó má ṣe jẹ́ èyí tó ní síwíìṣì tó ń kú fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá hó, nítorí síwíìṣì iná ilé ni. Má fi ọwọ́ kan omi náà. Fóltì tó lé ní 60 lórí iná bátìrì ti tó pa ènìyàn. Yọ òrùka àti aago ọwọ́, má so nẹ́gétíìfù mọ́ ara ọkọ̀ bíi ti bátìrì 12, kí ẹnìkan sì wà nítòsí.

Kí o tó tún gbé ọkọ̀ náà jáde, gé ẹnu wáyà tó jóná yẹn dànù, kí o fi tuntun sí i. Wo orí bátìrì tó kàn náà dáadáa. Bí iná bá ti gbẹ́ ihò sí i, ojú rẹ̀ kò ní pàdé bàbà mọ́, fi sáńdípépà kíkúnná tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, nu eruku rẹ̀ kúrò, fún bóòtù rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe sẹ́ẹ̀lì náà kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti rìn tó kìlómítà mẹ́wàá, pa ọkọ̀, fi mítà ooru wo bóòtù yẹn àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gbóná ju wọn lọ, tú u, tún un ṣe.